Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọbalúayé jàre ní kóòtù Amẹ́ríkà

Lọ́dún 1987, Ernesto Pichardo, ọmọ Kúbà, àti àwọn onílùkùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ (ẹlẹ́sìn òrìṣà Yorùbá bó ṣe wà ní Kúbà) gba ilẹ̀ ní Hialeah, nítòsí Miami, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìjọsìn Babalú Ayé síbẹ̀. (Ọbalúayé tiwa náà ni.) Ni ariwo bá sọ, torí pé onílùkùmí máa ń fi ẹran rúbọ. Ìgbìmọ̀ ìlú sáré pe ìpàdé pàjáwìrì, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹran rúbọ nílùú àwọn.

Pichardo gbé wọn lọ sí kóòtù. Ohun tó dì mú ni àtúnṣe àkọ́kọ́ sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, èyí tó ti wà láti ọdún 1791: òun ló dáàbò bo ọ̀rọ̀ sísọ, ìwé ìròyìn, ìpéjọ àti ẹ̀sìn.

Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 1993, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fẹnu kò pé òfin Hialeah kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Adájọ́ Anthony Kennedy tú u wò fínnífínní. Lábẹ́ òfin yẹn, ẹ lè pẹja. Ẹ lè dọdẹ. Ẹ lè pa eku inú ilé. Alápatà àwọn Júù lè dúńbú màlúù bí ẹ̀sìn wọn ṣe là á kalẹ̀. Adìẹ onílùkùmí nìkan ló wá di ọ̀ràn?

Kì í ṣe pé kóòtù ní kí olórìṣà máa ṣe bó ṣe wù ú o. Ìlú ṣì lè ṣòfin lórí bí a ṣe ń da òkú ẹran nù, bó bá ṣáà ti de ọdẹ àti ilé oúnjẹ bó ṣe de onílùkùmí.