Yíyan Ọkọ̀ Eré Olówó Pọ́ọ́kú fún Eré Àárín Kóònù

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu nínú yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ èdè àti gírámà ni ẹ mọ̀ mí mọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tí ó fà á nìyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ ní yunifásítì ti di olùkọ́ ìṣirò ní Amẹ́ríkà. Ó fi ọdún mẹ́ta tọ́jú 8,000 dọ́là pamọ́. Ó wá kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ fi owó náà ra ọkọ̀ eré onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì, tí òun yóò máa gbé lọ sí ìdíje lọ́jọ́ Àìkú, tí yóò sì tún gbé òun lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Bí mo bá ṣi owó yìí ná, n kò ní òmíràn." Mo wádìí lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ nípa ọkọ̀ kí n tó fèsì. Èsì náà ni mo fẹ́ tú palẹ̀ fún yín, nítorí pé ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ tí ó sì fẹ́ ra nǹkan pàtàkì yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀, ìbáà má jẹ́ ọkọ̀ ni ó fẹ́ rà.

Irú eré tí ó jẹ́

Autocross ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe eré yìí. Èmi yóò máa pè é ní eré àárín kóònù. A kò gbọdọ̀ ṣì í mú fún ohun tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ kan náà pè, nítorí pé orí pápá koríko ni tiwọn ti ń wáyé. Ní Amẹ́ríkà, gbàgede ńlá tí a fi ọ̀dà tàbí kọnkéré tẹ́ ni wọ́n ń lò, bí ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá tàbí pápá ọkọ̀ òfurufú. Wọn a to kóònù sílẹ̀ kí ó lè di ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò dá sáré; aago ni ó ń bá díje, kì í ṣe ọkọ̀ mìíràn. Ìrìn kan kì í sábà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹgbẹ́ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú ètò yìí ni SCCA, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1944. Solo ni orúkọ tí ẹgbẹ́ náà fún eré yìí. Wọ́n ṣe ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ ní 1973. Láti 2009 ni wọ́n sì ti gbé e lọ sí ìlú Lincoln ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Òfin wọn kò ṣòro láti lóye. Bí awakọ̀ bá wó kóònù kan, wọn a fi ìṣẹ́jú àáyá 2 kún àkókò rẹ̀. Bí ó bá fo ẹnu ọ̀nà kan dá, ìrìn náà kò kà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó sábà máa ń wà láàárín ẹni tí ó borí àti ẹni tí ó ṣe ipò kejì. Nítorí náà, kóònù kan ṣoṣo tó láti ba ọjọ́ ènìyàn jẹ́.

Ohun méjì mìíràn tún wà tí ó wù mí nínú eré yìí. Èkíní ni pé gbogbo awakọ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà kí wọ́n tó fi ọkọ̀ rìn ín, wọn a sì máa há a sórí bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń há ìwé. Èkejì ni pé ẹni tí kò bá sí nínú ọkọ̀ ní àkókò kan ni yóò dúró sójú ọ̀nà tí yóò máa gbé kóònù tí ó bá ṣubú dìde fún ẹlòmíràn.

Kí ni a rí kọ́ nínú èyí nípa yíyan ọkọ̀? Òun ni pé jíà kejì ni awakọ̀ yóò fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìrìn rẹ̀. Ibi tí ó tọ́ kò gùn. Yíyà, dídúró, àti yíyà padà ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ tí ó lè fò lórí títì márosẹ̀ kò fi dandan jẹ́ ọkọ̀ tí yóò yára láàárín kóònù.

Ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó yóò rántí Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, àti Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá, tí wọ́n ń tò ní Èkó ní àkókò kan náà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ń ti àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ń rà lóde òní, ẹsẹ̀ iwájú ni ó ń fà wọ́n.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ṣe kókó. Táyà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n bí ó ti lè di ilẹ̀ mú tó. Bí a bá fi ìdimú yẹn yí ọkọ̀, èyí tí ó kù láti fi sáré yóò dín kù. Nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà, táyà iwájú méjèèjì ni yóò yí ọkọ̀, àwọn náà ni yóò sì tún fà á. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún wọn, imú ọkọ̀ yóò kọ̀ láti yà, yóò sì lọ gbá kóònù. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì, a pín iṣẹ́ náà sí méjì: iwájú ń yà, ẹ̀yìn ń tì. Yàtọ̀ sí èyí, bí ọkọ̀ bá ń sáré kúrò lójú kan, ìwúwo rẹ̀ a máa sún sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí èrò tí ó dúró nínú bọ́ọ̀sì ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sẹ́yìn bí awakọ̀ bá ṣí ọkọ̀ lójijì. Ìwúwo yìí a tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, wọn a sì di ilẹ̀ mú dáadáa.

N kò sọ pé ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà kò lè borí o. Ó ń borí. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní ewu tirẹ̀: bí awakọ̀ bá fi eré sí i kí ọkọ̀ tó yà tán, pàápàá nígbà òjò, ìdí ọkọ̀ lè yọ̀, kí ó sì fẹ́ ṣáájú orí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìwà ọkọ̀ yóò tètè mọ̀ ọ́n lórí irú èyí, nítorí pé àṣìṣe ọwọ́ àti àṣìṣe ẹsẹ̀ kì í farapọ̀ níbẹ̀.

Ìwúwo ṣáájú agbára

Nissan 350Z ni ó kọ́kọ́ wu ọmọ wa yìí. Ọkọ̀ tí ó lẹ́wà ni. Ó jáde ní 2002, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 3.5, agbára ẹṣin rẹ̀ sì jẹ́ 287 nígbà tí ó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ lé ní 1,400 kílógíráàmù. Ẹ fi í wé Mazda MX-5 ti 1999: agbára ẹṣin 140, ìwúwo bí 1,040 kílógíráàmù. Lórí títì tí ó tọ́, 350Z yóò fi í sílẹ̀ pátápátá. Láàárín kóònù, ọ̀rọ̀ yí padà. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá yà ni táyà ń ru ìwúwo yẹn. Gbogbo ìgbà tí ó bá dúró ni bíréèkì ń ru ú. Táyà rẹ̀ tóbi, owó táyà ńlá sì ju ti kékeré lọ. Ẹni tí ó bá ra agbára yóò máa san owó orí rẹ̀ títí.

Àwọn ọkọ̀ mìíràn tí a jọ gbé yẹ̀ wò

Lẹ́yìn 350Z, mẹ́ta ni a tún gbé sórí ìwọ̀n kí a tó padà sí MX-5.

Èkíní ni Toyota àti Subaru tí ilé-iṣẹ́ méjèèjì pawọ́ pọ̀ ṣe, tí ó jáde ní 2012. Subaru BRZ ni orúkọ ọ̀kan. Èkejì ń jẹ́ Scion FR-S ní Amẹ́ríkà títí di 2016 kí ó tó di Toyota 86. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.0, ó dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀, agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 200, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ bí 1,250 kílógíráàmù. Nínú gbogbo ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí ó ní òrùlé líle, òun ni mo rò pé ó bá eré yìí mu jù. Ẹni tí yóò ra ti ọdún àkọ́kọ́ ní láti béèrè ìwé, nítorí pé ní 2018 ni wọ́n pe púpọ̀ nínú wọn padà láti pààrọ̀ sípíríìǹgì inú ẹ́ńjìnnì.

Èkejì ni Mazda RX-8, tí wọ́n ṣe láti 2003 sí 2012. Ó yà dáadáa, ìwúwo rẹ̀ sì pín sí ìdajì síwájú, ìdajì sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Yíyí ni ó ń yí, kì í lọ sókè-sódò. Òun fúnra rẹ̀ a máa jó ọ́ìlì, a sì máa mu epo bẹntiróò. Bí àwọn ìdè etí rẹ̀ bá ti jẹ, kò sí agbára mọ́, irinṣẹ́ tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni a sì fi ń wọn bí ó ti lágbára tó. Ẹni tí yóò gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ní láti rò ó dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni BMW onílẹ̀kùn méjì ti àwọn ọdún 1990, èyí tí a ń pè ní E36. Ọkọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ lórí rẹ̀: ike tí ó wà lára rédíétọ̀ àti ọ̀nà omi rẹ̀ a máa là bí ó bá ti gbó, bí omi bá sì jò, ẹ́ńjìnnì lè jóná.

MX-5 ni ó kẹ́yìn, èyí tí a kọ́kọ́ fi han ayé ní ìlú Chicago ní 1989. Ní òtítọ́, kò bá ohun tí ọmọ wa béèrè mu tán, nítorí pé òrùlé aṣọ ni ó ní. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ohun èlò rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, táyà rẹ̀ kéré.

Ohun tí a ní láti yẹ̀ wò

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọmọ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ san owó fún ọkọ̀ kan tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán bí dígí. Mo ní kí ó kọ́kọ́ san owó díẹ̀ fún mẹkáníìkì kí ó gbé e sókè. Abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ń wọ inú irin. Owó mẹkáníìkì yẹn ni owó tí ó lérè jù nínú gbogbo ohun tí ó ná.

Lọ́nà kìíní, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn bóyá ó ti dógùn-ún. Lọ́nà kejì, ẹ dán jíà kejì wò gidigidi, nítorí pé òun ni yóò ṣiṣẹ́ jù. Bí ó bá ń han tàbí tí kò fẹ́ wọlé, ẹ sá fún un. Lọ́nà kẹta, ẹ wo bí táyà ṣe jẹ. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ ju èkejì lọ, ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ti yẹ̀. Lọ́nà kẹrin, ẹ béèrè bóyá ó ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan máa yí lásán nígbà tí ọkọ̀ bá yà. Lọ́nà karùn-ún, ẹ dé akoto kí ẹ sì jókòó sínú rẹ̀. Bí orí bá ń kan òrùlé, ọkọ̀ yín kọ́ nìyẹn. Lọ́nà kẹfà, ẹ ra èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe. Ìpele ìpele ni wọ́n ń pín àwọn ọkọ̀ sí, bí ohun tí a yí padà lára ọkọ̀ bá sì ti pọ̀, àárín àwọn tí ó ti náwó jura lọ ni a óò tì í sí.

Ìpín owó

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Mo sọ fún un pé kí ó má fi gbogbo 8,000 náà ra ọkọ̀. Kí ó fi 6,000 ra á, kí ó fi 1,000 ra táyà dáradára àti omi bíréèkì tuntun, kí ó sì fi 1,000 yòókù pamọ́ de ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò bàjẹ́, nítorí pé ọkọ̀ àlòkù kò ní ṣàìbàjẹ́. Táyà tuntun lórí ọkọ̀ tí kò lágbára sàn ju táyà gbígbó lórí ọkọ̀ alágbára lọ. Mo tún ní kí ó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lọ sí ìdíje kan ná. Bí bátìrì rẹ̀ bá dè, tí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tí bíréèkì rẹ̀ múlẹ̀, tí bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ pé, tí ohunkóhun kò sì máa yí kiri nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni yóò gbà á láyè.

Nígbà tí ó wá FR-S tí ó dára, owó rẹ̀ kò ká a. Ó bínú díẹ̀. MX-5 ni ó rà níkẹyìn. Ó kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ pé òun wó kóònù mẹ́ta, wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá 6 kún un, òun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ipò ìkẹyìn. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni ó kọ ọ́ sí pé, "Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi, ó gbé mi dé ilé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀ yìí kí agogo tó lù."

Ẹ̀yin olùwòran wa, ibi tí a óò dánu dúró sí lónìí nìyí. Kí a tó bi ọjà léèrè iye tí ó ń ta nǹkan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè iṣẹ́ tí a fẹ́ kí nǹkan náà ṣe. Ó dìgbà kan ná.