Báwo Ni A Ṣe Ń Mọ Kànga Tí Omi Ilé Kan Ti Wá?

Ní ìlú Toms River, ní ìpínlẹ̀ New Jersey lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn òbí fi igbe ta ní àwọn ọdún 1990 pé àrùn jẹjẹrẹ ń mú àwọn ọmọ àwọn ju bí a ti ń rí i níbòmíràn lọ. Kẹ́míkà inú àwọn àgbá tí a dà sí oko kan ní ọdún 1971 ti wọ inú ilẹ̀ dé àwọn kànga Parkway, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orísun omi ẹ̀rọ ìlú náà.

Àwọn ilé wo gan-an ni wọ́n mu omi náà? Páìpù ìlú so kọ́ra bí àwọ̀n; omi kànga méjì lè pàdé ní àdúgbò kan ṣoṣo. Kò sì sí ẹni tí ó lè padà lọ bu omi ọdún 1970 wò. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ya gbogbo páìpù náà sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ètò ìṣirò EPANET.

Irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ lè ṣini lọ́nà. Ìpáàrà a máa bo inú páìpù irin tí ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀, ojú kò sì tó o. Nọ́ńbà kan ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń sọ bí inú páìpù ti dán tó: tuntun lè ní 130, èyí tí ìpáàrà ti bò lè máà tó 80.

Ọ̀pá omi tí àwọn panápaná ń lò létí títì ni a fi ń wá nọ́ńbà náà. A ó fi òṣùwọ̀n sí ẹnu ọ̀pá kan, a ó kọ agbára omi inú rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó ṣí ọ̀pá mìíràn nítòsí, a ó wọn iye omi tí ń tú jáde, a ó sì wo bí agbára ti àkọ́kọ́ ti lọ sílẹ̀ tó. Bí omi bá ń rìn jẹ́jẹ́, páìpù tí ó mọ́ àti èyí tí ó ti bàjẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lórí òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí omi bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ń sọnù lójú ọ̀nà a sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Àṣírí á wá tú. Ẹni tí ó bá kàn ń yí nọ́ńbà títí yóò fi bára mu ń tan ara rẹ̀ jẹ, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ló ti ẹnu páìpù kan pa tí ó sì gbàgbé rẹ̀.

Ní Toms River, ọ̀pá 25 ni wọ́n so ẹ̀rọ tí ń kọ agbára omi sílẹ̀ mọ́ fún wákàtí 48: ní oṣù kẹta ọdún 1998, nígbà tí ìlò omi kéré, àti ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ooru mú kí ìlò pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣírò bí omi ti rìn láti 1962 dé 1996.

Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2003. Ó so omi Parkway tí àwọn aboyún mu pọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye àwọn ọmọ náà kò pọ̀. Nígbà tí a wo omi ẹ̀rọ ìlú lápapọ̀, irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ kò hàn.