Owó kékeré, kámẹ́rà gidi: Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kó tó ra kámẹ́rà fún ọmọ tó fẹ́ ṣe fírídọ̀ọ̀mù

Láyé àtijọ́, bí ọmọ àgbẹ̀ bá tó oko í dá fúnra rẹ̀, ọkọ́ àti àdá ni bàbá rẹ̀ máa ń wá fún un. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Àṣà yìí kò tíì parẹ́. Ní Ìtamágà àti káàkiri Ìkòròdú, bí ọmọ tó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán bá fẹ́ ṣe fírídọ̀ọ̀mù, maṣíìnì ni àwọn òbí rẹ̀ máa ń wá owó rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ iṣẹ́ fọ́tò ni ọmọ kọ́, kámẹ́rà ni ẹ̀bùn tí yóò wú u lórí jù lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń le. Ọ̀pọ̀ òbí ló lè yẹ maṣíìnì wò kí wọ́n mọ̀ bóyá ó dára, ṣùgbọ́n wọn kò mọ inú kámẹ́rà. Yàtọ̀ sí èyí, láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi ọ̀rọ̀ náírà àti dọ́là sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu rẹ̀, ohun tó ń ti òkè òkun wọlé ti gbówó lórí gidigidi. Bí òbí bá fi owó èsúsú ra kámẹ́rà tí kò ṣeé fi jẹun, kì í ṣe owó nìkan ló ṣòfò. Ọmọ náà yóò padà sídìí yíyá kámẹ́rà ẹlòmíràn lò, yóò sì máa pín ohun tó bá rí pẹ̀lú ẹni tó ni ín. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Owó kékeré lè ra kámẹ́rà gidi, bí ẹni tó fẹ́ rà á bá ti mọ ohun tó ń wá.

Kí ni yóò fi ṣe?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe “èló ni?” Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ni ohun tí ẹni náà yóò fi kámẹ́rà ṣe. Bó bá jẹ́ fọ́tò àwọn ọmọ nínú ilé ni, fóònù tó dára ti tó o. Ọjà àgbáyé pàápàá jẹ́rìí sí èyí. Ní ọdún 2010, kámẹ́rà dígítà tí àwọn ilé-iṣẹ́ inú ẹgbẹ́ CIPA, ẹgbẹ́ àwọn aṣe-kámẹ́rà ilẹ̀ Jàpáánì, kó jáde lé ní mílíọ̀nù 121. Nígbà tó fi di ọdún 2023, kò pé mílíọ̀nù 8 mọ́. Fóònù ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn kámẹ́rà kéékèèké.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa fi gbowó yàtọ̀ sí èyí. Òun ni yóò ya ìyàwó àti ọkọ nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó, tí yóò ya ìsìnkú ní òru àti ìkómọ ní ìdájí. Kámẹ́rà tí lẹ́ńsì rẹ̀ ṣeé yọ, tí a sì lè gbé fíláàṣì lé lórí, ló yẹ ẹ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà tàn yín

Ohun tí ọlọ́jà yóò kọ́kọ́ fi hàn yín ni nọ́ńbà mẹgapíksẹ́lì. Mẹgapíksẹ́lì kan jẹ́ mílíọ̀nù kan àmì tín-ín-tín tó para pọ̀ di fọ́tò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí a bá fẹ́ tẹ fọ́tò dáadáa, àmì 300 ní ínṣì kọ̀ọ̀kan ti tó. Fọ́tò ínṣì 4 sí 6 tó wọ́pọ̀ yóò gba àmì 1,200 ní ìbú àti 1,800 ní gígùn, èyí tó lé díẹ̀ ní mẹgapíksẹ́lì 2. Èyí tó jẹ́ ínṣì 8 sí 10, tí wọ́n ń fi gíláàsì bò tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri, kò gbà ju mẹgapíksẹ́lì 7 àti díẹ̀ lọ. Kò sí ìdí kankan, nígbà náà, tí òbí yóò fi máa yáwó kún owó nítorí nọ́ńbà gàgàrà.

Ohun tó ju nọ́ńbà lọ ni bí ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà ṣe fẹ̀ tó. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àpò, kò ju bíi mìlímítà 6 sí 4.5 lọ. Ti Canon EOS 600D jẹ́ mìlímítà 22.3 sí 14.9, èyí tó fẹ̀ jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 12. Ẹni tó gbé ife síta nígbà òjò kò lè rí omi bíi ti ẹni tó gbé abọ́ ńlá síta. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò alẹ́ kámẹ́rà kékeré fi máa ń rí ṣákaṣàka.

Súùmù náà pín sí méjì. Èyí tó jẹ́ ti lẹ́ńsì ló ń fa nǹkan súnmọ́ wa ní tòótọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní ti dígítà kàn ń gé fọ́tò, ó sì ń fẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ má san kọ́bọ̀ kan lé e lórí.

Tòkunbọ̀ kì í ṣe àbùkù

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò gbọ́dọ̀ tijú tòkunbọ̀. Nikon D5100 àti Canon EOS 600D jáde ní ọdún 2011, Nikon D3200 sì tẹ̀lé wọn ní ọdún 2012. Mẹgapíksẹ́lì 16, 18 àti 24 ni wọ́n ní, gbogbo wọn ló sì kọjá ohun tí fọ́tò ara ògiri ń béèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ìlẹ̀kùn kékeré kan wà nínú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ tó ń ṣí tó sì ń padé nígbàkigbà tí a bá ya fọ́tò, ó sì ní iye tó lè ṣe kó tó rẹ̀ ẹ́. Ìgbà 100,000 ni Nikon dán ti D5100 wò dé. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lè rí iye tí Nikon ti yà nínú àlàyé tó fara pamọ́ sínú fọ́tò tí ẹ bá fi í yà lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé lẹ́ńsì sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, ẹ dá a padà, nítorí ọ̀rinrin ló fà á, agbègbè etí ọ̀sà bíi tiwa yóò sì tún mú un gbilẹ̀. Ẹ ya ògiri funfun, kí ẹ sì wò ó bóyá àmì dúdú wà nínú fọ́tò náà. Ẹ dán fíláàṣì àti gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ wò.

Ẹ béèrè irú káàdì tó ń lò. Káàdì SD wà káàkiri, ṣùgbọ́n káàdì xD tí àwọn Olympus àti Fujifilm àtijọ́ ń lò ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kámẹ́rà tí kò rí káàdì kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́, ẹrù ni.

Ẹ má ná gbogbo owó tán sórí kámẹ́rà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ṣìṣe. Bí ẹ bá pín owó yín sí ọ̀nà mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà àti lẹ́ńsì rẹ̀ gba méje. Ẹ fi mẹ́ta yòókù ra káàdì méjì, bátìrì kejì, ṣájà àti àpò tí omi kò lè wọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ìjọba ṣe ń ṣe. Ayàwòrán tó ní bátìrì kan ṣoṣo, tí wọ́n sì múná lọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ojú yóò tì í níbi ìgbéyàwó ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Bí ẹ bá ń lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ní àdúgbò Ọ̀tìgbà, ẹ bẹ ọ̀gá tó kọ́ ọmọ náà níṣẹ́ kó bá yín lọ. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí àyè lè wà láti dán an wò. Inú ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ ti rà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń rìn kiri. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ara kámẹ́rà sínú rìsíìtì yín, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ẹ fi lè dá a padà.

J.D. ’Okhai Ojeikere kò ní ju kámẹ́rà Brownie D kan tí kò ní fíláàṣì nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1950. Nígbà tó di ọdún 1954, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìròyìn n’Íbàdàn. Láti ọdún 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, àwòrán náà sì tó nǹkan bí 1,000. Nígbà tó kú ní ọdún 2014, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ẹnu ayé lé yín wọ gbèsè. Kámẹ́rà tí ọmọ lè gbé jáde ní ọjọ́ kejì fírídọ̀ọ̀mù, tí káàdì wà nínú rẹ̀, tí bátìrì rẹ̀ kún, tó sì fi gba owó iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, òun ni ọkọ́ àti àdá tirẹ̀.