Bí Imú Ṣe Ń Kọ́ Òórùn Nínú Oyún, àti Ohun Tí Ó Kan Ìbàlágà Ọmọ

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ oyún, ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rò. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń ronú kan imú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nínú oyún kan ọjọ́ ọ̀la ọmọ náà.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí ọlẹ̀ ti ń dàgbà, awọ ibi tí imú yóò wà a máa nípọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Láti inú awọ yìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí yóò máa gbọ́ òórùn ti ń jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a na okùn tín-ín-rín sókè lọ sí iwájú ọpọlọ. Nígbà tí eegun tí ó pààlà imú àti ọpọlọ bá ń le, yóò yí àwọn okùn náà ká, yóò sì rí bí ajere.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tún wà tí wọ́n ń ti ẹ̀bá imú gbéra. Wọ́n a máa tọ okùn òórùn yìí bí arìnrìn-àjò ṣe ń tọ ojú irin, títí wọn yóò fi dé ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Bí àkókò bá tó, àwọn ni wọ́n ń pàṣẹ pé kí ara ọmọ bàlágà.

Bí okùn òórùn kò bá dé ọpọlọ, ọ̀nà dí mọ́ àwọn wọ̀nyí náà. Ọmọ náà kò ní gbọ́ òórùn, kò sì ní bàlágà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Franz Kallmann, dókítà ọmọ Jámánì tí ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àìsàn yìí ní 1944, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọkùnrin bá pé ọdún 14 tí kò sí àmì ìbàlágà, tàbí tí ọmọbìnrin pé ọdún 13 tí kò yọ ọmú, ẹ mú un lọ rí dókítà. Òmíràn kàn pẹ́ ni, kò sàìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi í bóyá ó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tí ó ń jóná. Ẹni tí kò gbọ́ òórùn rí lè má mọ̀ pé nǹkan kù. Ìtọ́jú kò lè dá òórùn padà, ṣùgbọ́n oògùn họ́mọ̀nù ń mú ìbàlágà wá, ọ̀pọ̀ sì ti tipa ìtọ́jú bímọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.