Ṣé O Mọ̀? Ohun Tó Ń Rì àti Ohun Tó Ń Léfòó

Ṣé o mọ̀ pé ìṣó tí kò ju ọmọ ìka lọ yóò rì nínú kòròbà omi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ onírin tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ẹrù ń gúnlẹ̀ sí Àpápá láìrì? Ìwúwo nìkan kọ́ ló ń ri nǹkan. Archimedes, ará Syracuse, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní ohun tó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn: bí omi tí nǹkan tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bá ṣe wúwo tó ni agbára tí omi fi ń gbé e sókè ṣe pọ̀ tó. Ìṣó kò gba ààyè púpọ̀. Ọkọ̀ fẹ̀, inú rẹ̀ sì ṣófo. Omi tó ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ̀ tó láti gbé e.

Ṣé o mọ̀ pé ohun tí àwọn tó ń ṣe epo pupa gbójú lé náà nìyí? Wọ́n á gún ẹyìn, wọ́n á da omi lé e, wọ́n á fi ọwọ́ pò ó. Láìpẹ́ epo á pupa fòò lójú omi, wọ́n á máa bù ú sínú ìkòkò. Lítà omi kan wọn kìló kan. Lítà epo kan kò ju nǹkan bíi kìló 0.9 lọ.

Ṣé o mọ̀ pé iyọ̀ lè mú ẹyin léfòó? Rọra fi ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé sínú ife omi, yóò jókòó sísàlẹ̀. Bu iyọ̀ ṣíbí kan sí i, rò ó. Tún bù sí i, tún rò ó. Ẹyin á mì, á gbérí, á sì léfòó, nítorí omi iyọ̀ wúwo ju omi lásán lọ. Nínú kìló mẹ́ta omi Òkun Iyọ̀ tó wà láàárín Ísírẹ́lì àti Jọ́dánì, nǹkan bíi kìló kan ló jẹ́ iyọ̀. Ẹni tí kò mọ odò wẹ̀ pàápàá ń léfòó níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé irin ń léfòó lórí mẹ́kúrì, ohun olómi tó wúwo ju irin lọ? Lítà mẹ́kúrì kan lé ní kìló 13.

Ṣé o mọ̀ pé bí omi bá dì, ńṣe ló ń fẹ̀? Ìdí nìyí tí ìgò omi tó kún fi ń bẹ́ nínú fíríìsà, tí yìnyín sì ń léfòó. Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá òkè yìnyín ló ń wà lábẹ́ òkun. Irú rẹ̀ ni ọkọ̀ Titanic kọlù ní oṣù kẹrin ọdún 1912, tí èèyàn tó lé ní 1,500 fi kú.

Ṣé o mọ ìdí tí ìlà fi wà lára ọkọ̀ òkun? Bí ẹrù bá ṣe ń pọ̀ ni ọkọ̀ ń wọmi sí i, ìlà náà ló sì ń fi ibi tí kò gbọdọ̀ wọmi kọjá hàn. Samuel Plimsoll jà fún ìlà yìí nílé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin sì sọ ọ́ di dandan ní ọdún 1876.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, tí o rí i pé èrò ti kún un, jọ̀ọ́, dúró de òmíràn. Má sì wọ ọkọ̀ láìwọ jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó: ó fúyẹ́, ó sì gba ààyè, ìyẹn ni omi yóò fi gbé ọ sókè.