Ẹ tètè gbé ọmọ tí kò gbọ́ràn wá: ìwé ìlàlóye fún òbí àti alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí wa, ohun kan ṣoṣo ni ó mú wa kọ ìwé yìí: ọmọ tí ó yẹ kí a ti rí nígbà tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ìgbà tí ó bá pé ọdún 6 tàbí 7, tí ilé-ìwé ti dá a padà, ni wọ́n tó ń fà á lọ́wọ́ wá sídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ní ilé ìwòsàn wa, tí ìyá á sì máa wí pé, "Wọ́n ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó fọhùn."

ÌDÍ TÍ ÌPẸ́ FI LÉWU

Etí ni ó ń gba ohùn wọlé, ṣùgbọ́n ọpọlọ ni ó ń mọ ohun tí ohùn náà ń wí. Kí a tó bí ọmọ ni ó ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Bí ó bá sì dáyé tán, gbogbo ìgbà tí à ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, tí à ń kì í ní Àjàní tàbí ní Àṣàkẹ́, ni ọpọlọ rẹ̀ ń la ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò máa gbà. Bí ohùn kò bá wọlé rárá, ibi tí Ẹlẹ́dàá yà sọ́tọ̀ fún ìgbọ́ràn kò ní ṣófo títí. Ojú àti ara a bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anu Sharma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé ọmọ tí a bí ní adití, tí a fi iṣẹ́ abẹ gbé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí à ń pè ní kọ́kílíà sí létí kí ó tó pé ọdún 3 àbọ̀, ọpọlọ rẹ̀ sábà máa ń dáhùn sí ohùn bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Èyí tí ó bá ti kọjá ọdún 7, ó ṣọ̀wọ́n kí ó rí bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀rọ náà tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìlábùkù. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Nítorí náà, ó yẹ kí a yẹ etí ọmọ wò kí ó tó pé oṣù 1, kí a mọ ohun tí ó ń ṣe é kí ó tó pé oṣù 3, kí ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù 6. Ẹ má ṣe fi ìlẹ̀kùn gbígbá dán an wò, nítorí adití a máa yíjú bí ilẹ̀ bá mì tàbí bí òjìji bá kọjá, ẹ̀yin a sì rò pé ó gbọ́. Bí iyèméjì bá wà, ẹ máa bọ̀.

Ọmọ tí àrùn yínrùnyínrùn bá di létí, kíákíá ni kí ẹ gbé e wá: eegun lè hù dí inú etí náà, kí ẹ̀rọ má ríbi wọ̀.

ẸNI TÍ IṢẸ́ ABẸ TỌ́ SÍ

Etí tí ìdọ̀tí dí tàbí tí ó ń ṣọyún ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ àfikọ́tí bá sì ràn lọ́wọ́ tó kò nílò ọ̀bẹ. Àgbàlagbà tí ó ti ń sọ̀rọ̀ kí etí rẹ̀ tó di kò pẹ́ jù. Ọmọ tí ó pẹ́ dé kò di ẹni ìtanù: èdè tí àwọn adití ń fi ọwọ́ sọ wà fún un, kí a sì tètè kọ́ ọ.

LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ

Ọmọ kì í gbọ́ràn lọ́jọ́ náà. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó tan ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn èyí, kí ó máa wà létí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ojú rẹ̀ bá là, kí ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀.

OWÓ

A kò rán ẹnikẹ́ni sí ẹnu géètì láti ta nọ́ńbà ìdúró sórí ìlà. Ọ̀dọ̀ akápò nìkan ni kí ẹ ti sanwó, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ dání.