Fóònù Tó Ń Di Kọ̀ǹpútà: Ihò, Iṣẹ́ àti Iná Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Oníṣòwò kòkó ní Ifọ̀n kò nílò kọ̀ǹpútà kó tó fi owó ránṣẹ́ sí àgbẹ̀. Fóònù ló fi ń ṣe é. Òun náà ló fi ń pe awakọ̀ tó ń kó ẹrù, tó fi ń ya àwòrán ìwé ìwọ̀n, tó sì fi ń dá oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp. Ọjọ́ tó bá fẹ́ to gbèsè oṣù mẹ́ta sójú kan, tàbí kó kọ lẹ́tà gígùn sí báńkì, ni yóò mọ̀ pé ojú fóònù kéré. Àwọn fóònù kan wà tí wọ́n ṣe nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ so wọ́n mọ́ tẹlifíṣàn, ẹ fún wọn ní kíbọ́ọ̀dù àti máùsì, wọ́n á di kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Wọ́n wúlò gan-an fún ẹni tí wọ́n bá yẹ. Fún ẹlòmíràn ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, owó lásán ni yóò bá a lọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọpọlọ tó ń ṣírò, ibi ìpamọ́ àti íntánẹ́ẹ̀tì ti wà nínú fóònù tẹ́lẹ̀. Ohun tí kò ní ni ojú tó fẹ̀ àti kíbọ́ọ̀dù tí ọwọ́ méjèèjì lè tẹ̀. Bí ẹ bá ki wáyà bọ ihò ṣájà rẹ̀, tí ẹ sì ki orí kejì bọ ihò HDMI tẹlifíṣàn, fóònù á mọ̀ pé òun ti ní ojú kejì. Kò ní kàn gbé àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀. Ojú iṣẹ́ mìíràn ni yóò tẹ́ sí i, tí ẹ lè ṣí lẹ́tà sápá kan kí ẹ ṣí ìṣirò sápá kejì. Bí ìpè bá wọlé láàárín iṣẹ́, ẹ lè gbà á.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Motorola gbé Atrix jáde ní ọdún 2011, pẹ̀lú ohun èlò kan tó jọ láptọ́ọ̀pù, àmọ́ tí kò ní ọpọlọ tirẹ̀. Ní ọdún 2016, HP ṣe Elite x3 fún àwọn ọ́fíìsì, orí Windows 10 Mobile ló sì ń ṣiṣẹ́. Ó jọ Windows lójú, síbẹ̀ kò lè ṣí ètò Windows tí àwọn òṣìṣẹ́ ti mọ̀ lórí kọ̀ǹpútà wọn, àfi kí wọ́n máa lò ó láti ọ̀nà jíjìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí oṣù kìíní ọdún 2020 tó parí, Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 Mobile dúró. Fóònù olówó ńlá di aláìlólùtọ́jú. Samsung gba ọ̀nà mìíràn: ó kọ́ DeX, ètò tó ń sọ fóònù di kọ̀ǹpútà, sínú Android, ó sì gbé e jáde pẹ̀lú Galaxy S8 ní 2017. Ìyẹn ṣì wà dòní.

Ihò

Ihò USB-C rí bákan náà lára gbogbo fóònù, ṣùgbọ́n ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá yàtọ̀. Òmíràn ń gbé iná àti fáìlì nìkan. Òmíràn ń gbé àwòrán pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ń pè ní DisplayPort. Ọ̀pọ̀ jù lọ Tecno, Infinix àti itel tó kún ọjà wa kò ní i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Galaxy A. Ọ̀pọ̀ jù lọ Galaxy S láti S8 wá, ọ̀pọ̀ jù lọ Note láti Note 8, àti Z Fold ní i.

Bí tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀. S8 kò kọjá Android 9, S9 àti Note 9 dúró sí 10, S10 sì dúró sí 12. Bí Android bá ti pẹ́ jù, áàpù báńkì lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, oníṣòwò kò sì gbọ́dọ̀ fi owó oníbàárà sórí fóònù tí kò gba àtúnṣe ààbò mọ́.

Iṣẹ́

Lẹ́tà, ìṣirò inú Excel, ímeèlì, ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ lórí ojú òpó CAC: fóònù yìí lè ṣe gbogbo wọn láìsí wàhálà. Ẹni tó ń ya káàdì ìgbéyàwó àti pátákó ìpolówó pẹ̀lú CorelDRAW kò ní rí i lò níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Rufus Giwa Polytechnic tó fẹ́ fi SPSS ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kò ní rí i lò pẹ̀lú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo Wi-Fi máa ń gbọ́ ti fóònù. Àwọn àtijọ́ tó ń lo wáyà sábà máa ń fẹ́ Windows. Ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lẹ́nu ọ̀nà Pólì, kọ̀ǹpútà gidi ni kó rà.

Iná

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà fún wa. BEDC ló ń pín iná fún wa ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, wákàtí tí iná yóò sì fi wà lójúmọ́ sinmi lórí ìpele tí àdúgbò wà: ó kéré tán 20 fún Band A, 4 péré fún Band E. Bí iná bá lọ, fóònù yín kò kú, ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn kú, ọ́fíìsì yín sì ti palẹ̀ mọ́. Láptọ́ọ̀pù ní ojú àti bátìrì tirẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ẹni tó ní sólà ló ń jèrè jù. Mọ́nítọ̀ kékeré ń jẹ bíi 25 wọ́ọ̀tì. Bí a bá fi 10 kún un fún ṣájà fóònù, wákàtí márùn-ún iṣẹ́ jẹ́ 175 wọ́ọ̀tì-wákàtí. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń jẹ 120 pẹ̀lú ojú rẹ̀ yóò jẹ 600 ní wákàtí márùn-ún náà. Bátìrì lead-acid 12 fóólítì, 100 Ah, gbé 1,200 wọ́ọ̀tì-wákàtí. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó tètè bàjẹ́, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ lò. Kọ̀ǹpútà nìkan ti gbé ìdajì náà jẹ. Fóònù fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀ fún gílóòbù àti fáànù.

Ta ló yẹ kó rà á?

Ẹni tó ti ní Galaxy S lọ́wọ́, tó ní tẹlifíṣàn tàbí mọ́nítọ̀, tí iná rẹ̀ sì dúró, hub (ohun èlò tó ń sọ ihò USB-C kan di ihò púpọ̀), kíbọ́ọ̀dù àti máùsì nìkan ló kù fún un láti rà. Kó yan hub tó ní HDMI àti ihò tí ṣájà lè gbà wọlé, kí fóònù má baà kú lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò ní nǹkan kan rárá, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo rọ̀ ọ́ kó rà.

Bí ẹ bá lọ sọ́jà, ẹ gbé wáyà HDMI àti hub dání. Ẹ so fóònù náà mọ́ tẹlifíṣàn inú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó. Bí ojú iṣẹ́ kò bá jáde, ẹ dá a padà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé, ẹ fi ẹ̀dà gbogbo ìwé iṣẹ́ yín pamọ́ sórí Google Drive. Bí wọ́n bá jí fóònù yẹn lójú ọ̀nà Ifọ̀n, ọ́fíìsì yín ni wọ́n jí.